Obì Mélòó Ni? Àlàyé Lórí Kíkà Nínú Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì

Bí ọmọ Yorùbá kan ní Kánò tàbí Jọ́ọ̀sì bá rán ọmọdé lọ sí ọjà pé kí ó ra obì méjì wá, tí ọmọ náà sì mú awẹ́ méjì dé, ìjà lè bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ náà kò purọ́; ohun méjì ni ó mú wá. Ẹni tí ó rán an níṣẹ́ kò jẹ̀bi. Odindi ni ó ní lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ awẹ́ méjì ni ó wà nínú odindi gbànja kan. Ohun tí ó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé wọn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí í ṣe ẹyọ kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ọ̀ràn yìí gan-an ni ó ń jẹ àwọn onímọ̀ ìwọ̀n lógún káàkiri àgbáyé. Bí a bá wọn aṣọ, mítà ni; bí a bá wọn ìrẹsì, kílò ni. Ṣùgbọ́n nínú ètò ìwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò, ohun tí a bá kà kò ní ìwọ̀n mìíràn ju "ọ̀kan" lọ. Ọ̀kan kí ni? Bí ẹni tí ó kà á kò bá sọ ọ́, nọ́ńbà rẹ̀ kò wúlò fún ẹlòmíràn.

Bí ohun kan bá pọ̀ ju kíkà lọ, orúkọ kan ṣoṣo ni a ń fún ọ̀pọ̀ rẹ̀. Àwọn baba wa mọ èyí nígbà owó ẹyọ. Wọn a máa pe 20,000 owó ẹyọ ní ọ̀kẹ́ kan. Ọ̀kẹ́ ti àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ni wọ́n ń pè ní móòlù. Láti ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, àdéhùn ni pé 602,214,076,000,000,000,000,000 ni ó wà nínú móòlù kan, kò lé, kò dín. Kò sí ẹni tí ó jókòó kà á. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ ni pé wọ́n gbẹ́ sílíkọ́ọ̀nù róbótó bíi bọ́ọ̀lù, tí ó wúwo tó kílò kan. Wọ́n wọn bí ó ti tóbi tó, wọ́n wọn àlàfo tí ó wà láàárín átọ́ọ̀mù inú rẹ̀, wọ́n sì fi ìṣirò wá iye wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ilé ìwòsàn, níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀mí.

Ó ti mọ́ wa lẹ́nu láti sọ pé "ibà mi jẹ́ plọ́ọ̀sì méjì". Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò yóò kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, yóò pa á láró, yóò sì fi maikirosikóòpù wò ó. Gbogbo ohun tí ojú bá rí lẹ́ẹ̀kan náà nínú awò yìí ni ojú-ìwò kan. (Èdè wa kò ya kíka ìwé kúrò lára kíka owó, ẹni tí ó bá ti jókòó ti awò yìí yóò mọ̀ pé ìyàtọ̀ náà kò pọ̀.) Bí kòkòrò ibà bá jẹ́ 1 sí 10 nínú ojú-ìwò 100, plọ́ọ̀sì kan nìyẹn, 11 sí 100, plọ́ọ̀sì méjì. Bí ó bá jẹ́ 1 sí 10 nínú ojú-ìwò kọ̀ọ̀kan, ó di mẹ́ta. Bí ó bá ju 10 lọ, mẹ́rin.

Plọ́ọ̀sì méjì, nígbà náà, kì í ṣe ìlọ́po méjì plọ́ọ̀sì kan. Kòkòrò tí ó jẹ́ 95 lára ọmọ kan ní ọjọ́ Ajé lè di 12 lẹ́yìn tí ó lo oògùn. Síbẹ̀ plọ́ọ̀sì méjì náà ni ìwé yóò kọ. Ìyá ọmọ yóò ní oògùn kò ṣiṣẹ́, yóò sì sáré lọ ra òmíràn.

Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi yan ọ̀nà mìíràn. Wọn a ka kòkòrò náà pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, títí sẹ́ẹ̀lì funfun yóò fi pé 200. Bí kòkòrò kò bá tíì tó 100 nígbà náà, wọn a kà dé 500, nítorí kíkà díẹ̀ a máa tan ni jẹ. Ẹni tí ó ka 100 lè fi nǹkan bí 10 ṣìnà, bí ó ti wù kí ó fara balẹ̀ tó. Ẹni tí ó ka 10,000 yóò fi nǹkan bí 100 péré ṣìnà. Lẹ́yìn náà, wọn a gbà pé sẹ́ẹ̀lì funfun 8,000 ni ó wà nínú ìdá kan nínú mílíọ̀nù lítà ẹ̀jẹ̀, kòkòrò 150 sí sẹ́ẹ̀lì 200 yóò sì já sí 6,000. Ṣùgbọ́n àbá lásán ni 8,000 yẹn. Bí ti aláìsàn fúnra rẹ̀ bá jẹ́ 4,000, kòkòrò rẹ̀ kò ju 3,000 lọ. Ó sàn kí a ka tirẹ̀ níbi tí agbára bá ká a.

Ẹ̀rọ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀ràn obì àti awẹ́. Ní ọdún 1953 ni Wallace Coulter, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí ń mú sẹ́ẹ̀lì gba ihò tín-ín-rín kọjá kí iná mànàmáná lè kà wọ́n. Bí méjì bá jọ rọ́ kọjá, ọ̀kan ni ẹ̀rọ yóò kà. Àwọn kan sì wà tí oògùn inú ìgò àyẹ̀wò, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, a máa mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí ń dá ẹ̀jẹ̀ ọgbẹ́ dúró lẹ̀ mọ́ ara wọn. Iye tí ẹ̀rọ yóò kọ yóò kéré débi pé ẹ̀rù yóò ba dókítà, bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ pé kò sí ohun tí ó ṣe onítọ̀hún. Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá kí àwọn tún fa ẹ̀jẹ̀ yín sínú ìgò tí oògùn rẹ̀ yàtọ̀, ẹ má ṣe bínú. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fẹ́ tún un kà, kí wọ́n sì fi ojú ara wọn wo èyí tí ó lẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀.