Pínpín Ìṣẹ́jú fún Àwọn Agbábọ́ọ̀lù

Ẹni tí ó bá gbọ́ pé àwọn ènìyàn ń ṣe eré bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè rò pé iṣẹ́ ọwọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú èyí tí a ń pè ní BuzzerBeater, kọ̀ǹpútà ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Olùdarí ẹgbẹ́ ni ẹni tí ó ń ṣeré jẹ́. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ni yóò ti kọ àṣẹ rẹ̀ sílẹ̀: ta ni yóò kọ́kọ́ wọlé ní ipò kọ̀ọ̀kan, àti ta ni yóò rọ́pò rẹ̀. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ìṣẹ́jú ni ọrọ̀ olùdarí. Ìṣẹ́jú 48 ni eré kan, gẹ́gẹ́ bí ti NBA ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 5 ni ó sì ń wà lórí pápá fún ẹgbẹ́ kan. Nítorí náà ìṣẹ́jú 240 péré ni ó wà láti pín, àfi bí wọ́n bá ta ọ̀mì tí a sì fi àkókò kún un. Lóòótọ́, ní sáà 1961 sí 1962, Wilt Chamberlain fẹ́rẹ̀ẹ́ má jókòó rárá; ṣùgbọ́n ẹni bíi Chamberlain kò wọ́pọ̀. Ẹlòmíràn, bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í wọ apẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé ìṣẹ́jú yìí kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tí yóò bá jẹ èrè ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ kan ní kíkún gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú 48 ní ipò tí olùdarí yàn. Bí ẹgbẹ́ bá ṣe eré 3 lọ́sẹ̀, tí ó sì jẹ́ ipò kan ṣoṣo ni a yàn, ọmọ 3 péré ni yóò yó. Ẹni tí ó lé eku méjì a máa pa òfo, síbẹ̀ dandan ni kí olùdarí lé méjèèjì: kí ó borí lónìí, kí ó sì ní akọni lọ́dún tí ń bọ̀.

Ewu mìíràn ni ẹ̀ṣẹ̀ lórí pápá. Bí ọ̀dọ́ kan bá ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, wọn yóò lé e jáde. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú 40, ìṣẹ́jú 8 ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ìpín ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni a ó sì ti bù ú fún un bí ọ̀sẹ̀ kò bá tíì parí. Nítorí èyí, eré ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́, tàbí ìdíje pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí kò lágbára, ni olùdarí tí ó mòye ń kó àwọn ọmọ wọ̀nyí sí. Nígbà tí ife bá wà nílẹ̀, àwọn àgbà ni yóò wọlé.