Ìṣirò Ìtànṣán: Bí A Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Ìgbì Rédíò Yóò Dé Kí A Tó Ri Máàsì Mọ́lẹ̀

Kí ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ tó gbé máàsì kalẹ̀ sí àdúgbò kan, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìgbì rédíò tí yóò máa ti orí rẹ̀ jáde yóò dé, ibi tí yóò ti lágbára, àti ibi tí ilé tàbí òkè yóò ti dí i lọ́nà, nítorí pé máàsì tí a bá ti rì mọ́lẹ̀ tán kò ṣeé gbé kiri mọ́, owó tí a ná lé e lórí kì í sì í ṣe kékeré. Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni àwọn ẹnjiníà ń gbà mọ èyí. Wọ́n lè gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sínú ọkọ̀, kí wọ́n sì máa wà á kiri gbogbo títì àdúgbò náà, ṣùgbọ́n èyí ń gba àkókò àti owó. Wọ́n lè lo ìlànà ìṣirò tí àwọn mìíràn fà yọ láti inú ohun tí wọ́n wọ̀n ní ìlú tiwọn. Ẹ̀kẹta, èyí tí àròkọ yìí dá lé lórí, ni ìṣirò ìtànṣán, nínú èyí tí kọ̀ǹpútà ti ń gba àwòrán gbogbo ilé àti ilẹ̀ àdúgbò kan sínú, tí ó sì ń tọ ipasẹ̀ ìgbì rédíò láti orí máàsì títí dé inú fóònù, bí ẹni pé ìgbì náà jẹ́ ìtànṣán ìmọ́lẹ̀.

Kì í ṣe àfiwé lásán ni pípe ìgbì rédíò ní ìtànṣán. James Clerk Maxwell, onímọ̀ ọmọ Scotland, ni ó fi ìṣirò hàn ní ọdún 1865 pé agbára iná mànàmáná àti agbára mágínẹ́ẹ̀tì lè jùmọ̀ rìn gẹ́gẹ́ bí ìgbì, àti pé ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ wà lára irú ìgbì bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1887 sí 1888, ní ìlú Karlsruhe ní Jámánì, Heinrich Hertz ṣe ẹ̀rọ tí ó ń tú ìgbì rédíò jáde, ó gbé páànù síńkì fẹ̀ǹfẹ̀ kan sí ara ògiri yàrá ìwádìí rẹ̀, ó sì rí i pé páànù náà ń ta ìgbì padà gẹ́gẹ́ bí dígí ti ń ta ìmọ́lẹ̀ padà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìgbì rédíò àti ìmọ́lẹ̀ kò ju ti gígùn ìgbì lọ, ìyẹn ni bí ibi tí ìgbì kan ti ga ṣe jìnnà tó sí ibi tí èyí tí ó tẹ̀ lé e ti ga. Gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà, ṣùgbọ́n ìgbì fóònù GSM tí ó ń lo 900 MHz gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 33, ti 5G tí ó ń lo 3.5 GHz sì jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 àti ààbọ̀. Bí ohun tí ó dínà bá tóbi ju gígùn ìgbì lọ fíìfíì, bí ògiri ilé ti tóbi ju sẹ̀ǹtímítà 33 lọ, ìgbì náà yóò máa ṣe bí ohun tí ń rìn lójú ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ, èyí sì ni ìpìlẹ̀ tí gbogbo ìṣirò ìtànṣán dúró lé.

Ìtànṣán tí ó bá lu ògiri kì í parẹ́ sójú kan. Apá kan nínú agbára rẹ̀ yóò ta padà ní igun kan náà tí ó fi wọlé, apá kan yóò la ògiri kọjá bọ́ sínú yàrá, apá kan yóò sì di ooru díẹ̀ sínú ògiri náà. Augustin-Jean Fresnel, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ṣiṣẹ́ lórí ìmọ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni ó fi ìlànà ìṣirò lélẹ̀ tí a fi ń mọ ìwọ̀n tí yóò ta padà àti ìwọ̀n tí yóò kọjá, ìlànà yìí ni a sì ń lò fún ìgbì rédíò lónìí. Irin àti páànù fẹ́rẹ̀ẹ́ ta gbogbo rẹ̀ padà. Igi àti gíláàsì lásán ń jẹ́ kí púpọ̀ kọjá. Bí ara ògiri bá rí gbágungbàgun, ìtànṣán náà yóò fọ́n ká sí ọ̀nà púpọ̀ dípò kí ó ta sí apá kan ṣoṣo.

Ohun tí ó kọ́kọ́ di ìṣòro fún ọ̀nà ìṣirò yìí ni òjìji. Bí ìgbì bá ń rìn gbọọrọ nìkan, a jẹ́ pé kò ní sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá lẹ́yìn ilé gíga, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ń pe ìpè, wọ́n sì ń gbà á. Joseph Keller, onímọ̀ ìṣirò ní Amẹ́ríkà, tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1962, nínú èyí tí ó fi hàn pé bí ìtànṣán bá kan etí ògiri tàbí etí òrùlé, etí náà yóò tú ọ̀pọ̀ ìtànṣán tuntun jáde, tí àwọn kan nínú wọn yóò sì tẹ̀ wọ inú òjìji. Ìlànà Keller ní àbùkù kan, nítorí pé ní ààlà gan-an láàárín ìmọ́lẹ̀ àti òjìji, ìdáhùn tí ó ń mú wá ń fò kọjá gbogbo ìwọ̀n. Robert Kouyoumjian àti Prabhakar Pathak, ní Ohio State University, tún un ṣe ní 1974, àtúnṣe tiwọn yìí ni ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí ń ṣe iṣẹ́ náà títí di òní.

Nígbà tí gbogbo ìtànṣán wọ̀nyí bá dé inú fóònù, kì í ṣe pé agbára wọn kàn ń ro pọ̀ mọ́ra. Bí ibi gíga ìgbì kan bá pàdé ibi gíga ìgbì kejì, wọ́n á ran ara wọn lọ́wọ́. Bí ibi gíga bá pàdé ibi tí ó relẹ̀, wọ́n á pa ara wọn. Nínú yàrá tí ìgbì ń lu ògiri páànù tààrà, tí ó sì ń ta padà bá èyí tí ń bọ̀, ibi tí ìgbì ti lágbára jù kò ju ìdá mẹ́rin gígùn ìgbì lọ sí ibi tí ó ti kú pátápátá: nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 ni fún 900 MHz, sẹ̀ǹtímítà 2 péré sì ni fún 3.5 GHz. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá sún fóònù rẹ̀ díẹ̀ lórí tábìlì fi lè rí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó sọnù ti padà wá.

Ilẹ̀ náà wà lára àwọn tí ń ta ìgbì padà. Ká ní orí máàsì ga tó mítà 30, tí fóònù wà lọ́wọ́ ẹni tí ó dúró ní mítà 1.5 sókè ilẹ̀, tí kìlómítà kan sì wà láàárín wọn, ọ̀nà tí ìtànṣán tí ó kọ́kọ́ lu ilẹ̀ rìn kò fi ju sẹ̀ǹtímítà 9 lọ gùn ju ti èyí tí ó wá tààrà. Bí fóònù bá ṣe ń jìnnà sí i ni ìyàtọ̀ yìí yóò máa dínkù, àti nítorí pé ilẹ̀ máa ń dorí ìgbì tí ó bá fẹ̀gbẹ́ lù ú kodò, àwọn méjèèjì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn. Ní òfuurufú tí kò sí ohunkóhun, bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, agbára ìgbì yóò di ìdá kan nínú 4. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ títẹ́jú, bí a bá ti jìnnà tó, ìdá kan nínú 16 ni yóò kù.

Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà ń gbà wá àwọn ìtànṣán náà rí. Nínú èkíní, ó máa ń gbà pé ògiri kọ̀ọ̀kan jẹ́ dígí, á wá fi òjìji máàsì kan, ìyẹn àwòrán rẹ̀ nínú dígí, sẹ́yìn dígí náà, á sì fa ìlà tọ́ láti ibẹ̀ wá sínú fóònù. Ọ̀nà yìí péye, ṣùgbọ́n ó ń gbowó lórí. Bí àdúgbò kan bá ní ojú ògiri 1,000, òjìji máàsì tí a ó yẹ̀ wò fún ìtapadà ẹ̀ẹ̀kan yóò jẹ́ 1,000, ti ìtapadà ẹ̀ẹ̀mẹta yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé bílíọ̀nù kan. Nínú èkejì, kọ̀ǹpútà yóò da ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtànṣán sí gbogbo ìhà láti orí máàsì, yóò máa tẹ̀ lé wọn bí wọ́n ti ń lu ilé, yóò sì ka àwọn tí ó bá kọjá nítòsí fóònù. Èyí yá, ṣùgbọ́n ìtànṣán kan lè ré fóònù kọjá láìjẹ́ pé a mọ̀.

Kí ìṣirò ìtànṣán tó gbilẹ̀, ìlànà tí gbogbo ayé gbójú lé ni ti Yoshihisa Okumura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n wọn agbára ìgbì káàkiri agbègbè Tokyo, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1968. Masaharu Hata ló sọ ọ́ di ìlànà ìṣirò kúkúrú ní 1980. Ìlànà náà rọrùn, a sì ń lò ó títí di òní, ṣùgbọ́n Tokyo ni ó ti wá, ilé Tokyo ni ó sì mọ̀. Àwọn àgbà sì ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àǹfààní ìṣirò ìtànṣán ni pé ilé tí ó wà nílẹ̀ gan-an ni ó ń wò.

Ibẹ̀ náà ni àìlera rẹ̀ wà. Ilé tí a kọ́ lẹ́yìn tí a ti ya àwòrán àdúgbò kò sí lójú kọ̀ǹpútà, ìtànṣán yóò sì máa gba àárín rẹ̀ kọjá bí ẹni pé pápá ni. Ewé igi, ọkọ̀ tí ń lọ àti èrò ọjà kò ṣeé yà tán. Bí a bá ṣi ipò ògiri kan ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan, ibi tí ìgbì ti kú yóò yí padà, nítorí náà agbára ìgbì ní ìpíndọ́gba ni àwọn ẹnjiníà ń gbára lé, wọn kì í búra fún ojúkò kan ṣoṣo. Ohun ìkọ́lé náà tún ṣe pàtàkì. Àjọ ITU, tí ó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé, ní ìwé ìtọ́sọ́nà kan tí a mọ̀ sí P.2040, tí ó sọ bí kọnkéré, bíríkì, igi, gíláàsì àti irin ṣe ń ṣe sí ìgbì. Ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́, tí ó kún àárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, tí ó sì máa ń rin nígbà òjò, nílò kí a wọ̀n ọ́n níbi tí ó gbé wà, nítorí pé ògiri tí ó rin ń gbé ìgbì mì ju èyí tí ó gbẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. GSM dé ní 2001, 5G dé ní 2022 pẹ̀lú ìgbì kúkúrú ti 3.5 GHz, bí ìgbì bá sì ṣe ń kúrú sí i ni ó ń jọ ìmọ́lẹ̀ sí i, tí ògiri ń dí i lọ́nà sí i, tí ìṣirò ìtànṣán sì ń wúlò sí i. Irinṣẹ́ rẹ̀ kò sì jìnnà mọ́: ní 2023, ilé-iṣẹ́ NVIDIA gbé ètò Sionna RT jáde, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè lò lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì lè gba àwòrán ilé láti inú OpenStreetMap, àwòrán ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti fi nǹkan kún. Ohun tí ó kù ni gíga ilé, tí ó sábà máa ń ṣaláìsí nínú àwòrán bẹ́ẹ̀, àti ìwọ̀n ohun tí ògiri wa ń ṣe sí ìgbì. Kí àwọn yunifásítì àti pọlitẹ́kíníìkì wa fi iṣẹ́ méjèèjì yìí lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ́wọ́, nítorí pé kò sí kọ̀ǹpútà, bí ó ti wù kí ó yára tó, tí ó lè ṣírò ògiri tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n rí.