Kí ni filọ́sọ́fì ń wá nínú ẹ̀kọ́ lọ́yà?

Ọ̀pọ̀ òbí tó ń ta kòkó kí ọmọ wọn lè di lọ́yà ló máa ń ṣe kàyéfì bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ náà ń kọ́ filọ́sọ́fì, ìyẹn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá. Wọ́n á ní, ṣé òfin kọ́ ló lọ kọ́ ni? Síbẹ̀, kò sí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè gboyè òfin ní yunifásítì ilẹ̀ yìí láìkọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Jurisprudence. Ìbéèrè kan ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: kí ni òfin?

Ó lè dà bí ìbéèrè ọmọdé, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ní 1984, ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari gbé Dìkírì 20 jáde, pé ikú ni ìjìyà ẹni tó bá ń ṣòwò kokéènì. Wọ́n jẹ́ kí òfin náà mú ẹni tó ti ṣẹ̀ kó tó jáde. Ní oṣù kẹrin 1985, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn, Bernard Ogedengbe, ṣẹ̀, ikú kọ́ ni ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Ṣé òfin nìyẹn? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ̀ lé John Austin, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yóò ní òfin ni, torí àṣẹ aláṣẹ tó ní ìjìyà lẹ́yìn ni òfin. Bó bá tẹ̀ lé Thomas Aquinas, àlùfáà tó kú ní 1274, yóò ní òfin tó bá ti yà kúrò lọ́nà òdodo kì í ṣe òfin mọ́. H.L.A. Hart ní tirẹ̀ gbà pé òfin burúkú ṣì lè jẹ́ òfin, àmọ́ ó lè burú débi tí kò ní yẹ kéèyàn tẹ̀ lé e.

Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti gbèjà ìhà kan, kó sì gbọ́ ti èkejì dáadáa, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Iṣẹ́ tí yóò ṣe ní kóòtù gan-an nìyẹn.

Lónìí, abala 36 ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 kọ̀ ọ́ pé kí wọ́n fìyà jẹ ẹnikẹ́ni ju èyí tó wà nínú òfin nígbà tó ṣẹ̀. Àmọ́ ìwé kì í gbẹjọ́ ara rẹ̀. Ènìyàn ló ń rò ó, ènìyàn ló ń dá a. Lọ́yà tó há òfin sórí nìkan yóò mọ ohun tí aláṣẹ wí. Èyí tó ti kọ́ láti béèrè ìdí ni yóò lè dìde sọ̀rọ̀ nígbà tí àṣẹ bá fẹ́ tẹ òdodo mọ́lẹ̀. Owó kòkó tó bá ìyẹn lọ kò ṣòfò.