Ọ́ìlì Tí Ń Pọ̀ Sí I Láìbù

Awakọ̀ tí ń kó irè oko lọ sí ọjà Ìkòtún kò gbọdọ̀ tan ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ní òwúrọ̀ láìjẹ́ pé ó ti wọn ọ́ìlì rẹ̀.

Kí ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹ fa ọ̀pá géèjì yọ, ẹ fi àkísà mímọ́ nù ún, ẹ tì í padà títí dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì tún fà á yọ. Èyí èkejì ni kí ẹ kà. Bí ọ́ìlì bá wà láàárín àmì méjèèjì, ó dára. Bí kò bá dé àmì ìsàlẹ̀, ẹ bu irú rẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má ṣe bẹ̀rù dúdú rẹ̀. Èéfín ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí a ní láti bẹ̀rù ni ọ́ìlì tí ń pọ̀ sí i nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bù sí i. Bí ó bá ń rùn bí dísẹ́ẹ̀lì, epo ti jò sínú rẹ̀. Bí ó bá rí bí ògì, omi ni. Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnì náà. Ẹ pe mẹkáníìkì.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Irú ẹ́ńjìnì tí Rudolf Diesel ṣe yọrí ní Jámánì ní ọdún 1897 kò lo púlọ́ọ̀gì. Afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ títí ó fi gbóná gidigidi ni ó ń mú epo gbiná. Nítorí náà, bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, tí ẹ́ńjìnì sì fà á mu, yóò máa jó o bí epo, yóò sì máa sá eré àsápajúdé, bí awakọ̀ tilẹ̀ ti yọ kọ́kọ́rọ́.