Yíyan Súwíìṣì àti Sọ́kẹ́ẹ̀tì Tuntun: Ẹ Yí I Padà, Ẹ Wo Ẹ̀yìn Rẹ̀

Nínú ilé tí a kùn ní ọ̀dà títí ó fi ń dán gbinrin, tí a tẹ́ táìsì sí ilẹ̀ rẹ̀, tí a sì fi aṣọ ìkélé olówó iyebíye bo ojú fèrèsé rẹ̀, ohun tí onílé kì í sábà náání ni súwíìṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Bẹ́ẹ̀, iná mànàmáná, ìránṣẹ́ tí kì í sùn, tí ń jẹ́ fún ọmọdé bó ti ń jẹ́ fún àgbà, òǹrorò ni fún ẹni tó bá fojú di í. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sì ni ikán ń jẹlé.

Bí ọjọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti pé, kò ṣòro í mọ̀. Pọ́lọ́ọ̀gì tí a kì bọ̀ ọ́ á máa mì, ẹ̀gbẹ́ ihò rẹ̀ á rí bí àgbàdo tí iná jó kọjá, òórùn ike jíjó á máa tú jáde, a ó sì máa gbọ́ tí ó ń ta pàràpàrà nígbà tí a bá ń lọ aṣọ. Ahọ́n idẹ tó wà nínú rẹ̀ ló yẹ kó di ẹsẹ̀ pọ́lọ́ọ̀gì mú ṣinṣin. Bí ahọ́n náà bá dẹ̀, tàbí tí sukúrúù tó di wáyà mú bá tú, ojú ọ̀nà tí iná ń gbà á dín, ìdènà á pọ̀, ìdènà á sì bí ooru. Bí iná tó ń kọjá bá di ìlọ́po méjì, ooru ibẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó bá rí irú èyí tó ní ó di ọ̀la, iná ló gbé sórí òrùlé tó fẹ́ lọ sùn.

Kí á tó yọ owó lápò, ó yẹ kí á mọ iṣẹ́ tí a fẹ́ gbé lé e lọ́wọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì áńpíà 13, bí iná bá dúró ní fóòtì 230, kò gbà ju nǹkan bí wáàtì 3,000 lọ. Kẹ́tù wáàtì 2,000 àti áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,200 tí a jọ so mọ́ ojú kan ti kọjá agbára rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ tí ń gbé omi ìwẹ̀ kaná, súwíìṣì áńpíà 20 ni kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ààrò ìdáná oníná ńlá, ti áńpíà 45. Ti gílóòbù, áńpíà 10 ti tó.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbé irú sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta tí à ń lò ní Nàìjíríà kalẹ̀ ní 1947, láti inú iṣẹ́ ìgbìmọ̀ tí Caroline Haslett, akọni obìnrin nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ, bá wọn jókòó sí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹsẹ̀ òkè pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀, èyí tí í ṣe ti àásì, gùn ju méjì ìsàlẹ̀ lọ, òun ló sì ń ṣí ìlẹ̀kùn kéékèèké tó dí ihò ìsàlẹ̀, kí ọmọdé má baà ki ìṣó bọ̀ ọ́. Ìlẹ̀kùn yìí ni àwa ń fi ìdérí bírò ṣí kí á lè ki pọ́lọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì bọ̀ ọ́, èyí tí kò ní fíùsì, tí ahọ́n idẹ kò sì lè dì mú dáadáa. Ní Kùtọnu àti Lómè, ẹlẹ́sẹ̀ róbótó bíi ti Faransé ni wọ́n ń lò. Ẹni tó bá ra ohun èlò bọ̀ láti ibẹ̀, kí ó pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀.

Bí ẹ bá dé ọjà, yálà Alábà ni tàbí ibòmíràn, ẹ má jẹ́ kí ojú tó ń dán tàn yín, nítorí ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ògidì a máa wúwo lọ́wọ́, ike rẹ̀ a máa le, kì í yọ́ bí ó bá gbóná. Òòfà kì í fa idẹ. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ahọ́n inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, irin tí a kùn ní àwọ̀ idẹ ni. Ẹ wá BS 1363, nọ́ńbà ìlànà Gẹ̀ẹ́sì fún irú sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí, lára rẹ̀, àti àmì MANCAP ti SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, bí ó bá jẹ́ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é. Ṣùgbọ́n oníṣòwò gbàrọgùdù náà mọ àmì í tẹ̀. Nítorí náà ẹ mú pọ́lọ́ọ̀gì dání, ẹ kì í bọ̀ ọ́, kí ẹ wò ó bóyá yóò dì í mú. Ẹ sì wọn àpótí inú ògiri kí ẹ tó kúrò nílé, bóyá íńṣì 3 × 3 ni tàbí 3 × 6.

Oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ni kí ó bá yín fi í sí i. Wáyà tó ń gbé iná bọ̀, èyí tó pupa nínú ilé àtijọ́, tó sì jẹ́ búráùn nínú ilé òde òní, ni súwíìṣì gbọ́dọ̀ máa gé. Bí ó bá jẹ́ dúdú tàbí búlúù ló ń gé, gílóòbù á kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná á ṣì wà nínú hódà rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan sukúrúù, kí á pa méènì, jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà, nítorí pé iléeṣẹ́ mànàmáná mú iná lọ kò ní kí iná ínfátà má wà nínú ògiri. Ẹ̀yin onílé àti ayálégbé, ẹ fọwọ́ ba ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì yín lẹ́yìn tí ẹ bá lo áyọ́ọ̀nù tán: èyí tó bá gbóná, ẹ má lò ó mọ́ títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀.