Okùn Fífà, Okùn Dídẹ̀

Ẹṣin méjì ni wọ́n mú wá síbi ìgbéyàwó kan ní Sekona, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó ti Gbọ̀ngán lọ sí Òṣogbo. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú. Wọ́n ṣe àwọn méjèèjì lọ́ṣọ̀ọ́ bákan náà, gàárì wọn ń dán, aṣọ aláràbarà sì bò wọ́n lẹ́yìn. Èmi náà rò pé ọgbọọgba ni wọ́n, títí onídùndún fi kan awọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Pupa gbé orí sókè, ó ranjú, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, ó sì ń ta pátákò bí ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀. Ọmọkùnrin tó mú un já ìjánu rẹ̀, ó fi pàṣán kàn án. Dúdú náà gbọ́ ìlù. Ó yí etí kan síbẹ̀, ó gbọ̀n lápá. Ọkùnrin tó dì í mú gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn, ó sì dẹ okùn díẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹṣin náà fi mí kanlẹ̀, tó sì rẹ orí sílẹ̀.

Mo bi ọmọkùnrin àkọ́kọ́ léèrè ìdí tó fi nà án. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹṣin tí ò bá bẹ̀rù yín, yóò pa yín ni."

Mi ò fẹ́ ká yára dá a lẹ́bi, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pẹ́ láyé. Jagunjagun ẹlẹ́ṣin ni ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́ fi lágbára. Ṣùgbọ́n òkè ọya ni ẹṣin ti ń wá, lọ́wọ́ Núpé àti Haúsá, owó ńlá ni wọ́n sì fi ń rà á. Bó bá dé ilẹ̀ igbó, eṣinṣin tsetse ń dúró dè é. Bí èyí bá ti bù ú jẹ, àìsàn á wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹṣin á máa rù, á sì kú. Ta ni yóò fi ọdún méjì tu ẹranko lójú nígbà tí kò dá a lójú pé yóò rí ọdún kejì? Ìjánu tó ń bu ẹnu jẹ àti kẹ́sẹ́ tó ń gún ìhà a máa yára ṣiṣẹ́. Jagunjagun tó gbé ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ kan ń fẹ́ ẹṣin tí ọwọ́ kejì lè dá dúró lójijì.

Síbẹ̀, ogun nìkan kọ́ ló fa líle yẹn. Xenophon ará Gíríìkì, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ jagunjagun, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn pé kí ẹnikẹ́ni má fi ìbínú sún mọ́ ẹṣin. Ó sì mọ ohun tí ogun jẹ́.

Lóde òní, ibi ayẹyẹ la ti ń rí ẹṣin jù. Ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, àwọn ìdílé Balógun a máa gun ẹṣin jáde láàárín ìlù, ìbọn àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ní 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin níbẹ̀ kárí ayé. Aṣọ àti ìdúró ẹni tó wà lókè ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Ìwọ̀nba la ń sọ nípa ohun tó gbé e. Bẹ́ẹ̀, irú ibi báyìí gan-an ni àwọn tó gbà gbọ́ nínú pàṣán máa ń tọ́ka sí: èrò pọ̀, ewu pọ̀, ẹṣin gbọ́dọ̀ bẹ̀rù.

Èrò tèmi yàtọ̀ pátápátá. Ẹran tí ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni ẹṣin, sísá ni ohun ìjà rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo àyíká rẹ̀ àfi ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an àti iwájú orí rẹ̀ gan-an. Bí ìlù bá dún tí pàṣán sì bà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò mọ̀ pé ọmọkùnrin yẹn ń bá òun wí. Lójú tirẹ̀, ìlù ló na òun. Nígbà mìíràn tí ìlù bá dún, ẹ̀rù méjì ló máa bà á.

Ẹni tó ń fi sùúrù kọ́ ẹṣin náà ń fa okùn, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ohun tó mọ̀ ni pé dídẹ okùn ló ń kọ́ ẹṣin lẹ́kọ̀ọ́. Bó bá fà á tí ẹṣin gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, kíá ló gbọ́dọ̀ dẹ̀ ẹ́, kí ẹṣin lè mọ ohun tó ṣe tí ara fi tu òun. Bó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dẹ̀ ẹ́, ẹṣin ti kọ́ nǹkan mìíràn. Ti ìlù náà rí bẹ́ẹ̀: onílù á dúró lókèèrè, á máa lù ú jẹ́jẹ́, bí ẹṣin bá ti fara balẹ̀, ìlù á dá. Lọ́jọ́ kejì, á sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹṣin tó bá là á kọjá mọ̀ pé ariwo máa ń tán, àti pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun kò ní pa òun lára.

Gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní jẹ́jẹ́ kọ́ ló jẹ́ jẹ́jẹ́ o. Àwọn kan a máa lé ẹṣin yípo nínú ọgbà títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, bó bá wá tọ̀ wọ́n wá, wọ́n á ní ó ti gbà wọ́n lọ́rẹ̀ẹ́. Ní 2012, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Sydney fi mọ́tò ìṣeré kékeré ṣe irú lílé bẹ́ẹ̀, ẹṣin sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé mọ́tò náà. Mọ́tò kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, mo máa ń wo ẹnu ẹṣin, ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ gàárì, bóyá omi wà nítòsí rẹ̀ nínú oòrùn, kí n tó gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́.

Òwe wa lórí ẹṣin pọ̀, ti ẹni tó ń gùn ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹṣin kì í dá ni ká má tún un gùn, a sọ ìyẹn dáadáa, a ò bi ẹṣin ohun tó fi dá wa. Ọ̀kan wà tó mọ ìwà ẹṣin: ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré.

Ohun tí ọkùnrin ẹlẹ́ṣin dúdú ṣe ní Sekona nìyẹn nígbà tí ọkọ ìyàwó fẹ́ gùn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ti òun ṣáájú, kí pupa máa wò ó lẹ́yìn. Wọ́n gbà. Ìlù tún dún, dúdú ń lọ ní tirẹ̀, pupa sì gbé ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, etí rẹ̀ ti ń yí padà síwájú. Àmọ́ ọwọ́ ọmọkùnrin náà ṣì le koko lórí ìjánu.