Iṣẹ́ Ìkẹ́kọ̀ọ́ àti Ìṣọ̀kan Ọmọ Kíláàsì ní Ìbẹ̀rẹ̀ Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: Àríkọ́gbọ́n láti Isiokpo àti Ilé-Ifẹ̀

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òwe yìí kò yọ kíláàsì ọmọdé sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò tí ì di ọmọ kíláàsì. Ọmọ ilé baba rẹ̀ ni. Irú rẹ̀ 40 lè jókòó sínú yàrá kan ṣoṣo láìsí àwùjọ kankan láàrin wọn. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ olùkọ́ ọdún àkọ́kọ́ fi pín sí ọ̀nà méjì: kí ó kọ́ wọn ní ìwé, kí ó sì sọ wọ́n di ẹgbẹ́ kan tó lè jùmọ̀ kẹ́kọ̀ọ́. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé iṣẹ́ méjèèjì kò ṣeé yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àti pé èdè ni okùn tó so wọ́n pọ̀.

Ìlú méjì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, Isiokpo ní Ìpínlẹ̀ Rivers àti Ilé-Ifẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé béèrè pé kí ni ti Isiokpo nínú ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá. Ìdáhùn wa ni pé ẹni tó ní ìwé lédè rẹ̀ láti ayé àwọn baba ńlá rẹ̀ kì í tètè mọ ohun tí ìwé náà ń ṣe fún un, àfi bí ó bá wo ilé aládùúgbò tí kò ní in. Síwájú sí i, ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ètò àgùnbánirọ̀ máa ń gbé lọ sí irú ìlú bẹ́ẹ̀, tí wọn a sì bá ara wọn níwájú àwọn ọmọ tí èdè wọn kì í ṣe Yorùbá.

2. Isiokpo àti àwọn ọmọ tó ń wọ kíláàsì níbẹ̀

Isiokpo ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ikwerre, kò sì jìnnà sí Port Harcourt. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ àbáláyé àwọn ará Ikwerre: iṣu, ẹ̀gẹ́ àti epo pupa. Èdè Ikwerre jẹ́ èdè olóhùn bíi Yorùbá. Fáwẹ̀lì rẹ̀ pọ̀ ju lẹ́tà márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń kọ fáwẹ̀lì tirẹ̀ lọ, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ọgbọ́n dá sí i, gẹ́gẹ́ bí àwọn aṣáájú wa ti fi àmì sí abẹ́ ẹ àti ọ.

Ṣùgbọ́n ìlú tó súnmọ́ Port Harcourt kì í jẹ́ ti elédè kan ṣoṣo. Láti ìgbà tí epo rọ̀bì ti sọ Port Harcourt di ibùdó iṣẹ́ ni onírúurú ènìyàn ti ń tẹ̀dó sí ìlú náà àti agbègbè rẹ̀. Ọmọ Ikwerre, ọmọ Ìgbò, ọmọ Ìjọ̀, ọmọ Ogoni, ọmọ Ìbíbíò, àní ọmọ Yorùbá pàápàá, lè pàdé nínú kíláàsì kan náà. Èdè Píjìn ni wọ́n fi ń ṣeré níta. Gẹ̀ẹ́sì ló wà lójú pátákó. Nígbà tí olùkọ́ bá béèrè ọ̀rọ̀, ọmọ tó mọ ìdáhùn ní èdè ìyá rẹ̀ a dákẹ́. Olùkọ́ a rò pé kò mọ̀ ọ́n, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá sì pẹ́ títí, òun náà a gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó dákẹ́ kò tí ì wọ ẹgbẹ́.

3. Àríkọ́gbọ́n láti Ilé-Ifẹ̀

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, Ilé-Ẹ̀kọ́ nípa Ìmọ̀ Ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babs Fafunwa. Ford Foundation ló ràn wọ́n lọ́wọ́ ní ti owó. Àwọn kíláàsì kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ fún odindi ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́. Kíláàsì mìíràn, tí a fi ń ṣe ìfiwéra, tẹ̀lé àṣà àtẹ̀yìnwá: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1973, wọ́n mú ètò náà wọ àwọn ilé-ìwé mìíràn. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní ìwé ní ọdún 1989. Ohun tí ó fi hàn ni pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ títí dé ọdún kẹfà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tún ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn.

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń rántí nínú àyẹ̀wò yìí ni máàkì ìdánwò. Èyí tó kan kókó wa ni pé wọ́n kò fi ìyípadà èdè nìkan mọ. Wọ́n tún ètò ẹ̀kọ́ ṣe látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ ìwé tuntun, wọ́n sì dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ nípa àṣà àti àwùjọ ọmọ náà wà lára iṣẹ́ márùn-ún tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀, pẹ̀lú Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ọmọ mọ̀ nílé di ohun tí ó lè sọ ní kíláàsì.

4. Ètò ìwé kíkà ti Ìpínlẹ̀ Rivers

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn Ifẹ̀ lè sọ pé ó rọrùn fún Yorùbá, nítorí pé èdè wa ní àwọn tó ń sọ ọ́ lọ́pọ̀ mílíọ̀nù, Crowther sì ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde láti ọdún 1843. Kí ni kí èdè kékeré ṣe? Ìbéèrè yìí gan-an ni Ìpínlẹ̀ Rivers gbìyànjú láti dáhùn. Nǹkan bí ọdún 1970 náà ni Kay Williamson, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú òpìtàn E. J. Alagoa àti onímọ̀ ẹ̀kọ́ Otonti Nduka, bẹ̀rẹ̀ ètò ìwé kíkà kan fún nǹkan bí 20 èdè àti ẹ̀ka-èdè ìpínlẹ̀ náà. Ikwerre wà lára wọn.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá yẹ fún àfiyèsí. Ìwé tí ènìyàn díẹ̀ yóò rà a máa wọ́n gógó. Nítorí náà, wọ́n lo ìlànà àti àwòrán kan náà fún onírúurú èdè, ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan ló ń yí padà. Fún èdè kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbèrò ìwé kíkà fún ọmọ, ìwé ìtọ́sọ́nà fún olùkọ́, àti ìwé pẹlẹbẹ tó ṣàlàyé ìlànà àkọtọ́. Wọ́n tún pe àwọn elédè fúnra wọn jọ sí ìgbìmọ̀, kí wọ́n lè jíròrò bí a ó ti máa kọ èdè wọn. Bí ìwé náà tilẹ̀ jẹ́ ti ọmọdé, àgbà ìlú ló jókòó tì í kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ. Williamson kó lọ sí Yunifásítì Port Harcourt ní ọdún 1977, ó sì ń bá iṣẹ́ àwọn èdè agbègbè náà lọ títí ó fi kú ní ọdún 2005.

5. Àwọn iṣẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ tó ń so ọmọ pọ̀

Ìwé nìkan kò tó. Ó ku ohun tí olùkọ́ yóò ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Iṣẹ́ mẹ́rin ni a ó gbé yẹ̀wò níhìn-ín. Kò sí èyí tó gba owó nínú wọn.

(i) Ìkíni àárọ̀. Kí àwọn ọmọ jókòó ní ìyípo, kí wọ́n lè rí ojú ara wọn. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó tẹ̀ lé e, kí ó sì pe orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ béèrè pé, ‘Ta ni kò wá lónìí?’ Bí ọmọ 40 bá wà nínú ìwé orúkọ, tí 37 sì jókòó, àwọn ọmọ fúnra wọn ni yóò wá mẹ́ta tó kù. Ìṣirò ni èyí, ẹ̀kọ́ gbólóhùn odidi sì ni pẹ̀lú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọmọ tó mọ̀ pé wọ́n ń wá òun bí òun kò bá wá ti mọ̀ pé òun ní ẹgbẹ́.

(ii) Àlọ́. Àlọ́ àpamọ̀ ń kọ́ ọmọ láti ronú, kí ó sì dúró de ìdáhùn ẹlòmíràn. Àlọ́ àpagbè ní àǹfààní mìíràn: ọmọ tí kò tí ì lè sọ ìtàn lè gbe orin. Nípa bẹ́ẹ̀, onítìjú pàápàá ní ipa tirẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ìjàpá kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ní gúúsù Nàìjíríà ló ń pa ìtàn rẹ̀. Bí ìtàn bá parí, kí àwọn ọmọ sọ gbólóhùn kan tàbí méjì nínú rẹ̀, kí olùkọ́ kọ ọ́ sójú pátákó gẹ́lẹ́ bí wọ́n ti sọ ọ́. Ohun tí ẹnu wọn sọ ni wọn yóò kọ́kọ́ kà. Ọmọ a wá rí i pé ìwé kì í ṣe ohun àjèjì. Ọ̀rọ̀ ẹnu tí a gbé kalẹ̀ ni.

(iii) Ayò. Ihò 12 ni ọpọ́n ayò ní, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48. Eré tó jọ ọ́ wà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí náà kò ní ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ ọmọ. A lè gbẹ́ ihò sílẹ̀, kí a sì lo òkúta wẹ́wẹ́. Ọmọ a kọ́ ìròpọ̀, ìyọkúrò àti ìpín. A kọ́ láti dúró kí ó kan òun, láti sọ òótọ́ nípa iye tí ó jẹ, àti láti gbà pé òtà ń bẹ, ọ̀pẹ̀ ń bẹ.

(iv) Pípín iṣẹ́. Kí olùkọ́ pín wọn sí ọ̀wọ́ ẹlẹ́ni márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ó da ọmọ tó yára pọ̀ mọ́ èyí tó ń rọra bọ̀. Ọ̀wọ́ kan a gbálẹ̀, òmíràn a pọn omi mímu, òmíràn a pín ìwé kí ó sì kó o jọ. Wọn a máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ yẹra fún ni kí ó sọ ilẹ̀ gbígbá di ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Iṣẹ́ tí a bá fi jẹni níyà kò lè so ẹnikẹ́ni pọ̀ mọ́ ilé tí ó ń tọ́jú.

6. Kíláàsì elédè púpọ̀

Ìṣòro tó le jù kò tí ì tán. Bí a bá fi Ikwerre kọ́ kíláàsì ní Isiokpo, kí ni ti ọmọ Ìjọ̀ tàbí ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀? Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-Èdè ọdún 1977 ti rí ìṣòro yìí, nítorí ó sọ pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí a kọ́kọ́ lò. Àdúgbò Isiokpo, Ikwerre ni. Ọmọ àlejò tó bá gbọ́ èdè onílé yóò rí ọ̀rẹ́ ní ojú pópó àti ní ọjà, ṣùgbọ́n èdè tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ di ohun ìtìjú. Kí olùkọ́ jẹ́ kí ó kí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní èdè tirẹ̀ nígbà ìkíni àárọ̀, kí gbogbo kíláàsì sì jẹ́ ẹ. Kí ó ka oókan títí dé ẹẹ́wàá fún wọn. Kí ó gbé orin àlọ́ ilé wọn wá. Olùkọ́ tí kò gbọ́ èdè náà lè di akẹ́kọ̀ọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yóò rí i pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

A kò sọ pé èyí parí ọ̀rọ̀. Nínú kíláàsì tí kò sí èdè kan tó pọ̀ ju èkejì lọ, olùkọ́ yóò fi Gẹ̀ẹ́sì tàbí Píjìn ṣe afárá, a kò sì lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n afárá kì í ṣe ilé.

7. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí Fafunwa, tó kú ní ọdún 2010, ti ń wí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ìdí tí ó sọ ni pé àwọn agbègbè tó lo èdè abínibí jù ni ìfìdírẹmi ti pọ̀ jù nínú ìdánwò àṣejáde àti ti àṣewọlé yunifásítì.

Ó yẹ kí a gbé ìdí náà yẹ̀ wò láìsí ìbínú. Kí a tó lè dá èdè lẹ́bi, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá a lò ó lóòótọ́. Ní Ifẹ̀, ìwé wà, olùkọ́ wà, ètò wà. Kíláàsì tí olùkọ́ ti ń fi ẹnu lásán túmọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì, láìsí ìwé kan ní èdè ọmọ, kì í ṣe ẹlẹ́rìí fún èdè abínibí, kì í sì í ṣe ẹlẹ́rìí lòdì sí i. Agbègbè tí ilé-ìwé ti ṣọ̀wọ́n, tí owó kò sí, tí olùkọ́ kò tó, lè fìdí rẹmi ní èdèkédè.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé kíláàsì ọdún àkọ́kọ́ kì í di ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, àti pé iṣẹ́ tó ń sọ ọ́ di ẹgbẹ́ náà ni iṣẹ́ tó ń kọ́ ọ ní ìwé. Ifẹ̀ fi hàn pé èdè abínibí kò dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà. Ètò ti Ìpínlẹ̀ Rivers fi hàn pé èdè kò kéré ju ẹni tó lè ní ìwé lọ, bí a bá fi ọgbọ́n àti àjùmọ̀ṣe sí i. Ìkíni, àlọ́, ayò àti iṣẹ́ àpínṣe kò dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí òfin bá sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìkọ́ni, kò sí òfin tó ní kí ọmọ má kí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀.

Fún àwa olùkọ́ èdè Yorùbá, iṣẹ́ méjì ló kù sílẹ̀. Èkíní, kí a máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bí a ti ń gbé èdè sínú eré àti iṣẹ́ ọmọdé, kí a má fi mọ sí gírámà àti lítíréṣọ̀ nìkan. Èkejì, kí a má jẹ́ kí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú èrò pé Yorùbá nìkan ni èdè tó yẹ kí a gbà lọ́wọ́ ìparun. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tó bá dé Isiokpo, tí ó sì bẹ àwọn ọmọ ibẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ òun ní ìkíni Ikwerre, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.